Àpò Onípele Mẹ́ta àti Ìkórè Ìgbómìnà: Ohun Tí Ojú Wa Rí Láàárín Ọdún Méjì

Tẹ́lẹ̀ rí, bí àwọn ẹ̀gbọ́n mi ní agbègbè Ìsìn, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, bá ti ya àgbàdo tán, àká tó wà ní abà ni wọ́n ń kó o sí, wọn a sì máa lọ bù níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí òjò ọdún tó ń bọ̀ yóò fi bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó ronú nígbà náà pé àgbàdo tó sùn sí oko lè di ohun tí ènìyàn yóò fi ẹ̀mí wéwu kí ó tó rí i jẹ. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àwọn ajínigbé ti gba igbó mọ́ àgbẹ̀ lọ́wọ́ ní gúúsù Kwara, abà ti ṣófo, àká ti ń wó, ìkórè tí a kò bá sì rí gbé wọ ìlú lọ́jọ́ tí a kó o kò dá wa lójú mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ra àpò tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, àpò onípele mẹ́ta tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, irú èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí PICS (Purdue Improved Crop Storage). Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe irú rẹ̀ ti ju ẹyọ kan lọ báyìí, nítorí náà n kò ní dárúkọ ẹni tó ṣe èyí tí mo rà. A ti fi tọ́jú ẹ̀wà àti àgbàdo ọdún méjì, ohun tí mo sì rí ni mo fẹ́ sọ bó ṣe rí gan-an, ti rere àti ti búburú.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, nítorí àwọn tí mo bá sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ sábà máa ń rò pé oògùn kan wà lára rẹ̀. Kò sí oògùn kankan níbẹ̀. Àpò híhun bí èyí tí a fi ń di ìrẹsì ló wà lóde, ọ̀rá méjì tó nípọn ló sì wà nínú rẹ̀, ọ̀kan nínú èkejì. Inú ọ̀rá tó wà ní inú pátápátá ni a ó da ẹ̀wà sí, a ó fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, a ó lọ́ ẹnu rẹ̀, a ó ká a sẹ́yìn, a ó sì fi okùn dè é pinpin. Bẹ́ẹ̀ náà ni a ó ṣe ọ̀rá kejì, bẹ́ẹ̀ náà ni a ó ṣe àpò òde. Láti oko ni kòkòrò ti ń bá ẹ̀wà bọ̀, nítorí ìyá kòkòrò ti yé ẹyin sí i lára kí a tó ká a rárá. Tí a bá ti wá dè é mọ́nú ọ̀rá báyìí, àwọn kòkòrò náà yóò máa mí afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, àpò kò sì ní jẹ́ kí òmíràn wọlé.

Ohun kan wà nínú iṣẹ́ àpò yìí tó yà mí lẹ́nu púpọ̀ nígbà tí mo mọ̀ ọ́n. Mo ti rò pé àìrí afẹ́fẹ́ mí nìkan ló ń pa kòkòrò náà, bí ìgbà tí a fún ènìyàn lọ́rùn. Àwọn onímọ̀ rí i pé òǹgbẹ ló ń pa á. Kòkòrò ẹ̀wà kì í rí omi mu nínú ẹ̀wà gbígbẹ. Láti inú oúnjẹ tó ń jẹ àti ọ́síjìn tó ń mí ni ara rẹ̀ ti ń ṣe omi tó nílò, nítorí náà bí ọ́síjìn bá ti tán, kò lè jẹun, omi ara rẹ̀ a sì gbẹ títí yóò fi kú. Ọ̀jọ̀gbọ́n Larry Murdock àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe iṣẹ́ ìwádìí náà pẹ̀lú àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Kamẹrúùnù láti ìparí àwọn ọdún 1980, nítorí ẹ̀wà àwọn àgbẹ̀ níbẹ̀ tí kòkòrò ń jẹ run. Ní ọdún 2007 ni àjọ Bill & Melinda Gates Foundation gbé owó kalẹ̀ kí ó lè dé ọwọ́ àwọn àgbẹ̀ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Ìlọrin ni mo ti rà á, ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta irúgbìn àti ajílẹ̀. Èyí tó ń gba kílò 50 wà, èyí tó ń gba kílò 100 náà wà, mo sì ra mẹ́ta mẹ́ta. Owó ẹyọ kan fi ìlọ́po bíi mẹ́rin ju ti àpò lásán lọ, mo mọ̀ pé èyí ni yóò kọ́kọ́ lé ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ sẹ́yìn. Ọ̀kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni ọ̀rá inú rẹ̀ ti lu kí ó tó dé ọwọ́ mi. Nígbà tí mo gbé e padà, ẹni tó tà á fún mi kọ̀ láti pààrọ̀ rẹ̀, ó ní bóyá èmi ni mo fi nǹkan gún un. Ó dùn mí, nítorí ọ̀rá tó lu kò wúlò ju àpò ìrẹsì lásán lọ, àgbẹ̀ tí kò bá sì mọ̀ yóò da ẹ̀wà rẹ̀ sí i, yóò ká ọwọ́ gbéra, kòkòrò yóò sì jẹ ẹ́ tán mọ́ ọn lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti ra ọ̀kankan láìyẹ̀ ẹ́ wò ní ṣọ́ọ̀bù. A ó fa ọ̀rá jáde, a ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀ títí yóò fi wú bí bálúùnù, a ó di ẹnu rẹ̀ mú, a ó sì rọra tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀bá etí. Bí ó bá ti lu níbì kan, a ó gbọ́ ohùn afẹ́fẹ́ tàbí kí ó máa rọ̀ lọ́wọ́ wa. Olùtajà tí kò bá jẹ́ kí ẹ ṣe èyí, ẹ má rà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀wà olóyin ni a kọ́kọ́ fi dán an wò, ìkórè ìparí ọdún, nígbà tí ọyẹ́ ti mú, tí ohun gbogbo sì gbẹ táútáú. A dè é nínú oṣù Kejìlá, a sì gbé e lé pákó ní iyàrá ẹ̀yìn. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, tí kò gbà mí gbọ́, mú kóńgò méjì nínú ẹ̀wà kan náà, ó dà á sínú ike olómòrí, ó sì da ata gbígbẹ sí i bí ìyá rẹ̀ ṣe ń ṣe. Kí oṣù Kẹta tó parí, ẹ̀wà inú ike ti lu bí asẹ́, ìyẹ̀fun funfun ti kún ìdí rẹ̀, àwọn kòkòrò sì ń rìn lórí ògiri. Kò sí ẹni tó ṣí àpò títí di oṣù Keje, nígbà tí ẹ̀wà ti wọ́n gógó lọ́jà. Nígbà tí wọ́n tú okùn àkọ́kọ́, ọ̀rá inú ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀wà lára débi pé a rí ìrísí ẹyọ kọ̀ọ̀kan láti ẹ̀yìn rẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi bu igbá kan sórí atẹ, ó fẹ́ ẹ, kò sí eruku tó fò. Ó tún kó ẹ̀kúnwọ́ méjì, ó tẹ́ ẹ sí ojú oòrùn, ó sì ń wá ojú ihò kiri.

“Ọkọ mi, ẹ wá fi ọwọ́ yín kàn án. Ẹyọ mẹ́ta péré ló lu nínú gbogbo èyí.”

Èyí tó lu náà, láti oko ló ti lu wá. Ó se ẹ̀wà náà lọ́jọ́ náà gan-an, ó jinná láàárín àkókò tó yẹ, kò ní òórùn oògùn, adùn rẹ̀ sì wà níbẹ̀. N kò lè gbàgbé ojú rẹ̀ nígbà tó gbé àwo wá síwájú wa.

Ọ̀rọ̀ òórùn oògùn yìí wúwo lọ́kàn mi, ó sì yẹ kí n dúró lé e lórí díẹ̀. Kí a tó ní àpò yìí, oògùn olómi tí gbogbo ayé ń pè ní ọtapíapíà ni ọ̀pọ̀ ọlọ́jà àti àgbẹ̀ ń wọ́n sára ẹ̀wà, èyí tí a ṣe fún pípa ẹ̀fọn àti aáyán, tí dichlorvos, májèlé apakòkòrò kan, sì wà nínú rẹ̀. Mo ti rí ẹni tó da á sára ẹ̀wà tí yóò tà ní ọ̀sẹ̀ kan náà. Ní ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà nítorí dichlorvos tí wọ́n bá lára rẹ̀ kọjá ìwọ̀n, wọ́n sì sọ ọjọ́ òfin náà di gígùn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. NAFDAC náà ti fòfin de ìgò kékeré oògùn náà, tí kò ju mìlílítà 100 lọ, nítorí ìlòkulò. Ẹ̀wà tí òkèèrè kọ̀ ni a ń fún àwọn ọmọ wa jẹ nílé ìwé. Ní Amẹ́ríkà, Ààrẹ George W. Bush fọwọ́ sí àṣẹ kan ní oṣù Kìíní ọdún 2004 pé kí ìjọba dáàbò bo oko àti oúnjẹ orílẹ̀-èdè náà lọ́wọ́ àwọn akópayàbáni, pàápàá lọ́wọ́ ẹni tó lè mọ̀ọ́mọ̀ fi àrùn sínú ẹran ọ̀sìn tàbí májèlé sínú oúnjẹ. Nígbà tí mo kà nípa rẹ̀, ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀tá kò tilẹ̀ nílò láti dé ìdí oúnjẹ wa kí ó tó bà á jẹ́. Ó lé àgbẹ̀ kúrò lóko, ó parí. Èyí tó sì ṣẹ́ kù, àwa fúnra wa ni a ń fi oògùn ẹ̀fọn rin ín.

Àwọn tó wà ní ìlú ńlá lè má mọ bí ọ̀rọ̀ náà ti le tó. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, àwọn agbébọn kọlu Òkè-Òde ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, wọ́n sì pa àwọn fijilanté tó dúró ti ìlú náà. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún kan náà, wọ́n wọ ṣọ́ọ̀ṣì CAC kan ní Èrúkù nígbà tí ìsìn ń lọ lọ́wọ́, wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì kó olùjọsìn 38 lọ kí wọ́n tó dá wọn sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Láàárín ìlú àti láàárín ilé Ọlọ́run ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Ta ni yóò wá fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ ní abà láti máa lé ẹyẹ lórí àgbàdo? Ní ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti kéde pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ ti di pàjáwìrì ní Nàìjíríà, èyí sì tọ́, ṣùgbọ́n pàjáwìrì tí àwa ń rí ní Ìsìn ni pé àwọn ẹ̀gbọ́n mi ń lọ oko ní ẹgbẹ́ mẹ́wàá mẹ́wàá pẹ̀lú ọdẹ níwájú àti lẹ́yìn, wọn kì í wọ ibẹ̀ kí oòrùn tó là dáadáa, aago méjì ọ̀sán kì í sì í bá wọn níbẹ̀.

Ibí yìí gan-an ni àpò náà ti já wa kulẹ̀, tàbí kí n sọ pé àwa ni a já a kulẹ̀. Àgbàdo kì í gbẹ lọ́jọ́ kan. Bí ó bá gbó tán, ó yẹ kí a fi í sílẹ̀ lórí igi rẹ̀ lóko fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí oòrùn fa omi ara rẹ̀, kí a wá yà á, kí a sá a, kí a tó yín in. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ yẹn ni àwọn ajínigbé gbà lọ́wọ́ wa. Ní ìkórè àkọ́rọ̀ ọdún kejì, nínú oṣù Kẹjọ, ìròyìn dé pé a rí àwọn àjèjì kan lẹ́bàá odò, gbogbo oko sì sáré ya àgbàdo wọn lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kò sí ẹni tó bìkítà bóyá ó ti gbẹ tàbí kò tíì gbẹ. Òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́. A sá a sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, a yín in, a ní ó ti tó, a sì dè é sínú àpò kílò 100 kan.

Nígbà tí a ṣí i lẹ́yìn oṣù méjì, òórùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ kí wa, ó kan bí ògì tó ti pẹ́ jù. Omi ti sẹ̀ sára ọ̀rá láti inú, àgbàdo ti so mọ́ ara wọn ní ṣùgbọ̀lọ̀, ohun aláwọ̀ ewé àti funfun bí òwú sì ti bò wọ́n. Kòkòrò kankan kò sí níbẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àgbàdo kò sí níbẹ̀ mọ́ pẹ̀lú. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí a fi bọ́ adìyẹ, mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí àgbàdo tó bá bu báyìí lè ní májèlé tí àwọn onímọ̀ ń pè ní aflatoxin, tí ń ba ẹ̀dọ̀ ènìyàn àti ti adìyẹ jẹ́, tí sísè kò sì lè mú kúrò. A gbẹ́ ihò, a sin ín. Kílò 100, iṣẹ́ tí wọ́n fi ẹ̀mí wéwu kó wálé, ni a fi ṣọ́bìrì bo mọ́lẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé.

Àpò náà kò sọ pé òun lè gbẹ nǹkan, ohun tí a bá fi sínú rẹ̀ ló máa ń pa mọ́ bó ṣe rí. Ohun tí ń dùn mí ni pé àwọn tó ń tà á kò sọ èyí fún wa, àwòrán ara àpò náà sì ṣàlàyé bí a ṣe ń dè é láìṣàlàyé bí a ṣe ń mọ̀ pé àgbàdo ti gbẹ. Omi tó wà lára àgbàdo kò gbọ́dọ̀ ju nǹkan bí ìdá 13 nínú 100 lọ kí a tó dè é. Ẹ̀rọ tí a fi ń wọ̀n ọ́n wà, ṣùgbọ́n àgbẹ̀ mélòó ló ní in? Èyí tí a ń lò báyìí kò gbówó lórí rárá. Ẹ wá ìgò tó gbẹ, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo kan sí i, ẹ da iyọ̀ gbígbẹ síbi kan náà, ẹ dé e, ẹ mì ín dáadáa fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì gbé e kalẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, omi ṣì wà lára àgbàdo yín, ẹ tún un sá. Bí iyọ̀ bá já bọ́ sísàlẹ̀, tí ara ìgò mọ́, ẹ lè dè é. Láti ìgbà tí a ti ń ṣe èyí, a kò tún sin àgbàdo mọ́.

Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba àpapọ̀ lórí ìpamọ́ ohun ọ̀gbìn, NSPRI, Ìlọrin níbí ni olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà. Wọ́n ti ń kọ́ àwọn àgbẹ̀ ní ìpamọ́ tí kò lo oògùn láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n sì ti ṣe ilé ọ̀rá kan tí ń fa ooru oòrùn sínú, tí òjò kò sì lè rọ̀ sórí ohun tí a sá síbẹ̀. Bí mo bá ní agbára, irú ilé bẹ́ẹ̀ ni mo máa bẹ ìjọba ìbílẹ̀ wa láti kọ́ sí ìtòsí ọjà gbogbo ìlú tí àwọn àgbẹ̀ rẹ̀ kò lè sùn sí oko mọ́, ní Òkè-Onígbìn, ní Òwu-Ìsìn, ní Òkè-Òde, ní Èrúkù. Ẹ̀ṣọ́ tó ní ìbọn ṣe pàtàkì, mi ò sọ pé kò ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ a mú àgbàdo tútù wálé láyọ̀, kí ó tún wá jẹrà mọ́ wa lọ́wọ́ nínú ilé.

Àléébù kéékèèké mìíràn wà tí ó yẹ kí ẹ mọ̀. Eku lè gé ọ̀rá náà, nítorí náà ẹ má gbé e ti ògiri, ẹ sì jẹ́ kí àyè wà ní gbogbo àyíká rẹ̀. Tí ẹ bá ń ṣí i ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ láti bu díẹ̀ sè, afẹ́fẹ́ tuntun ni ẹ ń fún kòkòrò. Àpò kékeré ló dára fún èyí tí a ó máa jẹ, kí a fi ńlá sílẹ̀ fún èyí tí a ó tà. Àwọn kòkòrò kan tí ń jẹ àgbàdo lè gún ọ̀rá inú, ọ̀kan nínú tiwa ní ihò wínníwínní mélòó kan lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, ṣùgbọ́n ọ̀rá kejì kò lu, àgbàdo rẹ̀ sì dára. A ti lo mẹ́ta nínú àwọn tí mo kọ́kọ́ rà lẹ́ẹ̀mejì, ìyẹn sì ti dín owó tí mo kọ́kọ́ rò pé ó pọ̀ jù kù.

Nǹkan kan tún wà tí ẹni tó ń ta àpò kò lè rò fún wa. Bí gbogbo ìkórè bá wọ ilé kan ṣoṣo, ilé náà di ibi tí ojú yóò wà. Ẹ̀gbọ́n mi pín tirẹ̀ sí ilé mẹ́ta láàárín mọ̀lẹ́bí, a kì í sì í sọ iye àpò fún àlejò. Èyí rọrùn nítorí àpò náà kò gba oògùn, kò ní òórùn, ó sì lè wà ní iyàrá tí ènìyàn ń sùn sí láìpa ẹnikẹ́ni lára. Ẹ̀wà oníọtapíapíà kò ṣe é ṣe bẹ́ẹ̀.

Èrè tó tóbi jù tí mo rí ni pé ìbẹ̀rù kò mú wa tà ní owó pọ́ọ́kú mọ́. Ní ọdún tó ṣáájú àpò yìí, àwọn ẹ̀gbọ́n mi gbé gbogbo ẹ̀wà wọn lọ sí ọjà Ajàṣẹ́-Ìpo ní ọ̀sẹ̀ ìkórè, nítorí wọn kò ní ibi tí wọn yóò fi í sí, ìdílé kan náà sì tún lọ ra ẹ̀wà jẹ ní kóńgò kóńgò nínú oṣù Keje, ní owó tó ju ìlọ́po méjì èyí tí wọ́n tà á lọ. Lọ́dún yìí, ẹ̀wà tiwa ni a jẹ dé ìgbà ìkórè tuntun, a sì ta àpò méjì lásìkò ọ̀wọ́n.

Mo ti tún ra mẹ́wàá sí i fún ìkórè tó ń bọ̀, àwọn ará ilé méjì mìíràn sì ti fi owó ránṣẹ́ kí n bá wọn ra tiwọn. Nígbà tí mo gbé wọn dé Ìsìn ní ọjọ́ Sátidé, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kò tilẹ̀ jẹ́ kí n jókòó. Ó fa àwọn ọ̀rá náà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó pe àwọn ọmọ, wọ́n sì ń fẹ́ wọn wú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń gbé etí lé e, ó ń gbọ́ bóyá afẹ́fẹ́ ń jáde. Ìgò iyọ̀ ti wà lórí fèrèsé, ó ti fọ̀ ọ́, ó ti sá a gbẹ.